Sí Mùtíù, Lórí Ọkọ̀ Onígbòkun Tó Wà Nínú Ẹrẹ̀

Ilé Tíṣà,
Fìdítì.
Ọjọ́ Àlàmísì, kí oòrùn tó mú.

Mùtíù, Àyìndé mi,

Mo gba lẹ́tà rẹ lọ́wọ́ dẹrẹ́bà tí o fi rán. Orí ìdúró ni mo ti kọ́kọ́ kà á, mo tún jókòó kà á, láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu mi mọ́. O kò ṣẹ̀ mí. Ẹ̀rù ló ń bà mí, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o má baà rò pé arúgbó kan jókòó sí Fìdítì tí kò fẹ́ kí ọmọ òun ní ohun tí òun kò ní. Inú mi dùn sí ipò tuntun tí wọ́n fún ọ níbi iṣẹ́. Inú mi dùn pé ara Sìdí ìyàwó rẹ ti le, pé ọmọ ti ń rẹ́rìn-ín sí ènìyàn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni àyà mi ti já.

O ní òyìnbó kan tó ń palẹ̀ mọ́ láti padà sílùú rẹ̀ fẹ́ ta ọkọ̀ ìgbafẹ́ rẹ̀ fún ọ, ọkọ̀ onígbòkun tí èèyàn lè sùn sínú rẹ̀, tó ní ibùsùn méjì àti ibi ìdáná. O ní ó ti jókòó sínú ẹrẹ̀ létí ọ̀sà, òjò ọdún mẹ́ta sì ti rọ̀ lé e lórí láìsí ẹni tó bojú wò ó. Eku ti jẹ ìgbòkun, ẹ́ńjìnnì ti dípẹtà, omi dúró sínú yàrá rẹ̀ dé kókósẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni o wá kọ ọ́ pé, "Bàbá, kò sí ohun tó ṣe é, ó kàn dọ̀tí ni. Tí mo bá fọ̀ ọ́, tí mo kùn ún, yóò dà bí tuntun." O ní kí ọdún Iléyá tó dé, ìwọ àti Sìdí àti ọmọ ti gbé e jáde sójú òkun, ẹ ti dé Kútọnù, ẹ ti padà. Ìwọ àti òyìnbó náà ti jọ sọ̀rọ̀, ó kù kí o gbà á. O wá ní kí n bá àwọn àgbà ilé sọ ọ́, kí n kó àwọn alfa wá sí Èkó ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn oṣù, kí a wá ṣe sàráà sí ọkọ̀ náà ní ọjọ́ tí o bá gbà á.

Mùtíù, eku kọ́ ló dẹ́rù bà mí, ìpẹtà kọ́. Sàráà yẹn ni. Fara balẹ̀, màá ṣàlàyé.

Nígbà tí mo ń ka lẹ́tà náà fún ìyá rẹ, mo fo ibi tí ọkọ̀ wà. Mo ka ìkíni, mo ka ti ọmọ, mo bọ́ síbi tí o ti ní ká bá ọ kí gbogbo ilé. Ó ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́. Kò gbójú sókè.

"Bàbá Mùtíù, ẹ fo nǹkan."

Mo ní, "Kí ni mo fò?"

"Èmi ò mọ̀wé, mi ò lè mọ̀. Ṣùgbọ́n ohùn yín fò bíi ti ẹni tó rí kòtò."

"Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀ ni, kò kàn ọ́."

"Ẹ kà á fún mi bó ṣe wà, kí n rí i pé kò kàn mí."

Mo kà á. Nígbà tí mo dé "ó kàn dọ̀tí ni," ó gbé ẹ̀gúsí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ọwọ́ òsì di ìgúnpá ọ̀tún rẹ̀ mú, bó ṣe máa ń ṣe bí òjò bá fẹ́ rọ̀. 

"Ẹ sọ fún un," ó ní. "Bí ẹ ò bá sọ fún un, èmi ni màá wọ mọ́tò lọ sí Èkó lọ sọ ọ́, màá sì sọ ọ́ kọjá bí ẹ̀yin ì bá ti sọ ọ́."

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn.

O mọ apá ọ̀tún ìyá rẹ tí kì í nà tán. Láti kékeré rẹ ni a ti ń sọ fún ọ pé ó yọ̀ ṣubú létí odò ní Akínmọ́ọ̀rìn. Irọ́ ni. Èmi ni mo pa irọ́ náà. Ìyá rẹ kàn bò mí láṣìírí ni, ó sì ti bò mí láṣìírí láti ìgbà tí o kò tíì lè rìn.

O tún mọ irin mọ́tò tó wà lẹ́yìn ilé, èyí tí igi ọsàn gba àárín rẹ̀ hù. Ibẹ̀ ni o máa ń jókòó sí nígbà tí o wà lọ́mọdé, tí o di ọwọ́ ìdarí rẹ̀ tó kù mú, tí o ń fi ẹnu ṣe ẹ́ńjìnnì, tí o ń pariwo, "Èkó wọlé! Èkó wọlé!" Èmi a máa wò ọ́ láti ojú fèrèsé, lẹ́yìn náà n ó pa fèrèsé dé, n kò sì jẹ́ sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ, mo ń ṣe tíṣà. Àwọn tí a jọ dàgbà, tí wọn kò mọ A yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ ajá, ti ń ra mọ́tò akẹ́rù, wọ́n ń kó ọsàn wa lọ sí Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́. Èmi tí mo mọ̀wé ń gun kẹ̀kẹ́. Ó dùn mí. Mo wá rí mọ́tò kan ní Ìbàdàn, lábẹ́ igi máńgòrò, tí koríko ti ga dé ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹni tó ní i ní kò sí ohun tó ṣe é, pé òun kò ráyè ni. Mo ní kó kó ìwé rẹ̀ wá. Mo jókòó, mo ka ìwé náà láti òkè délẹ̀, ó pé pérépéré. Ìwé ni mo mọ̀, nítorí náà ìwé ni mo yẹ̀ wò. N kò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò. Ọkùnrin náà ní kí n lọ, kí n padà wá ní ọjọ́ kẹjọ. Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti kùn ún ní àwọ̀ ewé, wọ́n fi pupa sí i létí. Ẹ̀rín ni mo ń rín láti Ìbàdàn títí mo fi wà á dé ilé.

O mọ ilé wa. Ohun ìní tuntun kì í sun ilé láìgba àdúrà. Ọjọ́ tí mọ́tò náà dé gan-an ni a ṣe sàráà sí i. Wọ́n pa àgbò, wọ́n dín mọ́sà, alfa méje jókòó yí i ká. Wọ́n bu omi tí wọ́n fi fọ wàláà sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bàbá mi, tí kì í rẹ́rìn-ín, gun iwájú rẹ̀, ó ní kí wọ́n wà á yí ilé po lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo agbo ilé ṣe àmín, a sì gbọ́ àmín náà dé ọjà.

Ọjọ́ kẹta rẹ̀ ni Àkànó dé. Káfíńtà ni, ará Ìlọrà, mo pè é kó wá kan bẹ́ǹṣì sẹ́yìn mọ́tò fún àwọn èrò. Kí ó tó kan nǹkankan, ó wọ abẹ́ mọ́tò lọ pẹ̀lú hámà, ó ń kan igi rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn onílé. Kó, kó, kó. Ó dé orí igi ìdábùú ńlá tó gbé ẹ̀yìn dúró, ohùn yí padà. Bù. Bù.

"Tíṣà, bẹ̀rẹ̀ kí o gbọ́ ohùn igi yìí."

"Kí ló ń wí?"

"Kò wí nǹkan kan. Ó ti kú. Ọ̀dà ni wọ́n fi sin ín, wọn ò sì ránṣẹ́ pè wá síbi ìsìnkú."

Mo ní kó jáde lábẹ́ mọ́tò mi. Ó jáde, ó gbọn eruku ara rẹ̀. Ó ní, "Ọjọ́ kẹta nìyí. Wà á padà fún ẹni tó tà á. Sọ fún un pé o ti gbọ́."

Ìyẹn ni kò ṣeé ṣe, Mùtíù. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dá ohun tí gbogbo ilé ti ṣe àmín sí padà? Kí ni màá sọ fún bàbá mi tó ti gùn ún yí ilé ká? Pé alfa méje gbàdúrà sí igi jíjẹrà? Ẹ̀rín tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa fi mí rín ni mo ń gbọ́, n kò gbọ́ ohùn igi. Mo yíjú sí Àkànó. Ọkùnrin náà jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n mo nàka sí i lójú, mo ní, "Ìwọ tó ń kan àpótí adìẹ, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi? Alfa méje ló gbàdúrà sí mọ́tò yìí!"

Ó mú hámà rẹ̀. Ó ní, "Mo ti ṣe àmín sí i kí n tó wọ abẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àdúrà kì í di igi, Tíṣà." Ó fẹsẹ̀ rìn lọ síbi tó ti máa rí mọ́tò, kò wẹ̀yìn.

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Mo gba òwe yẹn gbọ́ nígbà náà. Òwe yẹn ló ṣẹ́ apá ìyá rẹ.

Oṣù kejì rẹ̀ ni. A di ọsàn kún mọ́tò, ó di Ọ̀yọ́. Èmi ni mo wà á. Ìyá rẹ jókòó sẹ́yìn lórí pákó pẹ̀lú ọsàn, ó pọn ọmọ. Nígbà tí a kọjá Akínmọ́ọ̀rìn díẹ̀, táyà bọ́ sí kòtò kan, kòtò kékeré, mo sì gbọ́ ìró kan lẹ́yìn bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ igi ìdáná. Igi ìdábùú náà ti dá sí méjì. Pákó já sílẹ̀, ọsàn ń yí lọ lójú títì, ìyá rẹ sì bá ọsàn lọ.

Mo bẹ́ sílẹ̀. Jọ̀wọ́, má ṣe kórìíra mi nítorí ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni pé, "Kí lo ṣe sí mọ́tò?"

Ó jókòó sínú eruku, ojú rẹ̀ funfun. Ó ní, "Ọmọ yè. Mọ́tò yín ni mi ò mọ̀."

Nígbà tó ń ṣubú, ó ti na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn di ọmọ mú kó má baà kanlẹ̀. Apá náà ló fi balẹ̀. Ìwọ ni ọmọ náà.

Mo fi okùn so igi tó dá, mo gbé ìwọ àti ìyá rẹ síwájú, mo rọra wà á láìsí ẹrù padà sí Akínmọ́ọ̀rìn, lọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ ìyá rẹ, kí ilé tó gbọ́. Mo ní, "Sọ pé a dúró bu omi sí mọ́tò, o yọ̀ létí odò." Ó wò mí títí. Ó ní, "Odò wo?" Mo dárúkọ odò. Ó ní, "Ó dáa." Alfa wá kí i lẹ́yìn tí a padà délé, ó ní bí kì í bá ṣe àdúrà tí a ṣe sí mọ́tò ni, ì bá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá rẹ ṣe àmín. Mo ṣì ń gbọ́ àmín náà.

Mo gbé mọ́tò náà sẹ́yìn ilé, mo ní ẹ́ńjìnnì ló kú, mo padà sídìí iṣẹ́ tíṣà. Ẹnìkan wá láti Ìmínì tó fẹ́ rà á, n kò tà á fún un. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn nìkan ṣoṣo ni mo ṣe tó tọ́.

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi jìn sí kòtò, mo fi ewé bò ó, mo jókòó sórí rẹ̀ títí ọmọ mi fi ń bọ̀ lọ́nà ibẹ̀. Nítorí náà gbọ́ mi, Àyìndé. Màá ka ìmọ̀ràn mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì.

Èkíní: má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ yọ̀ lórí ohun tí o kò tíì yẹ̀ wò. Ayọ̀ àwọn èèyàn wa dùn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti yọ̀ tán, ó di dandan kí nǹkan náà dára, ìwọ ni yóò sì máa tọ́jú irọ́ tó bá kù. Bí o bá ti sọ fún àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ, ó ti tó bẹ́ẹ̀. Má fún ọkọ̀ náà lórúkọ. Ohun tí a ti sọ lórúkọ kì í ṣeé dá padà.

Èkejì: bi òyìnbó náà ní ìdí tó fi pa á tì. Òun ló mọ adùn rẹ̀, òun náà ló sì fi í sílẹ̀ fún òjò mẹ́ta. Ó lè jẹ́ àìsàn, ó lè jẹ́ iṣẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti rí ohun tí ìwọ kò tíì rí. Bi ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ etí omi náà pẹ̀lú, nítorí ọlọ́dẹ kò ní nǹkan tó ń tà. Bi í pé ṣé wọ́n ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ rárá, ẹ̀ẹ̀melòó sì ni lọ́sẹ̀. Kí o sì fi ahọ́n kan omi tó dé kókósẹ̀ yẹn. Mo mọ̀ pé ó dọ̀tí. Kàn án, kí o tutọ́ rẹ̀ dànù. Bí kò bá níyọ̀, òjò ló rọ̀ sínú rẹ̀. Bí ó bá níyọ̀, ìsàlẹ̀ ló gbà wọlé, ọ̀rọ̀ sì ti yàtọ̀.

Èkẹta yìí ni mo rò jù. O mọ ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ń sanwó fún ọ nítorí pé o mọ ẹ́ńjìnnì. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn gan-an. Bí mo ṣe wo ìwé mọ́tò ni ìwọ náà máa wo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, o máa tú u, o máa tò ó, o máa gbọ́ ohùn rẹ̀, inú rẹ máa dùn, o máa rò pé o ti mọ ọkọ̀ náà. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lójú òkun, ẹ ó ṣì wà nínú ọkọ̀ tí ẹ ó máa pariwo. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ṣí ńkọ́? Ibi tí ìmọ̀ rẹ kò dé ni kí o yẹ̀ wò jù. O kò sọ̀rọ̀ igi rẹ̀ nínú lẹ́tà rẹ, àfi pé o máa kùn ún. Ojú ìwé mẹ́rin ni o kọ, Mùtíù, n kò rí igi níbẹ̀.

Bí o bá wá rà á, má bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó wu èèyàn wò. Tìmùtìmù àti aṣọ fèrèsé kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ omi. Ìsàlẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀: igi, irin tó so irin wúwo ìdí rẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kó dojú dé, mọ́ ọn, ẹsẹ̀ òpó tó gbé ìgbòkun, okùn. Ọ̀dà ló yẹ kó kẹ́yìn. Kí o sì bá Sìdí sọ òtítọ́ pé gbogbo ọjọ́ ìsinmi rẹ ni yóò wọ inú ẹrẹ̀ náà, bóyá ọdún kan, bóyá méjì. Ohun tí wọ́n pa tì pẹ́ kì í jẹ́ kí o tún ẹyọ kan ṣe tán kó tó fi òmíràn hàn ọ́. Ṣé ó gbà bẹ́ẹ̀? O kò kọ ohun tí òun sọ. Ìyá rẹ ló ṣàkíyèsí rẹ̀, èmi kò tilẹ̀ rí i.

Àti pé ta ló kọ́ ọ lúwẹ̀ẹ́? Ọmọ Fìdítì ni ọ́. Odò tiwa, adìẹ ń fẹsẹ̀ là á kọjá bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú. Kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ kí o tó kúrò lórí ọ̀sà. Lórí ọ̀sà náà, kí o máa lọ káàkiri fún ìgbà pípẹ́ kí o tó ronú òkun, láìgbé ọmọ sínú rẹ̀. Kútọnù kò ní sá lọ.

Mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé. Ó ku ọ̀kan tí n kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó má dùn ọ́. Bi ara rẹ ní ìkọ̀kọ̀: ṣé ọkọ̀ ni o fẹ́, àbí ojú àwọn tí yóò máa wò ọ́ nínú ọkọ̀? Bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ni, pé bí kò bá sí ẹnikẹ́ni lójú omi tí yóò rí ọ, ìwọ yóò ṣì fẹ́ gbọ́ bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ ìgbòkun, mi ò ní dí ọ lọ́wọ́. Bóyá ohun tó dára ni. Mo rántí bí ojú rẹ ṣe máa ń rí nínú irin mọ́tò yẹn. N kò fẹ́ pa ojú yẹn rẹ́. Ṣùgbọ́n tèmi, ojú àwọn èèyàn ni mo rà, mo sì fi apá ìyàwó mi san án.

Bí mo ṣe ń sọ gbogbo èyí, o lè ní, "Bàbá ò mọ nǹkankan nípa ọkọ̀ ojú omi." Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ sí Ìlọrà ní ọjọ́ Àtàlátà.

Láti ọjọ́ tí Àkànó ti kúrò nílé wa, bí mo bá ń lọ sí Ọ̀yọ́, bí mọ́tò bá ti dé Ìlọrà, apá kejì títì ni mo máa ń wò. Lọ́jọ́ Àtàlátà, mo sọ̀kalẹ̀. Mo bá a níwájú ilé rẹ̀, ó ń fá pákó. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ọwọ́ ló fi ń wo iṣẹ́ rẹ̀.

"Ta nìyẹn tó dúró sí ìmọ́lẹ̀ mi?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n. Tíṣà, láti Fìdítì."

Ó fá pákó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. "Tíṣà wo? Tíṣà tó ní mọ́tò tí àdúrà ń gbé?"

"Òun náà ni."

"Ṣé mọ́tò náà ti dé Ọ̀yọ́?"

"Kò dé, sà."

"Mo rò bẹ́ẹ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀ síwájú rẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Dìde, Tíṣà, dìde, ilẹ̀ yìí kún fún ìṣó. Bí ìṣó bá gún ọ, wọ́n á tún ní káfíńtà ló ṣe é." Mo dìde, mo jókòó lórí pákó, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti kòtò, ti apá, ti odò. Ó ní, "Ọmọ tó pọ̀n ńkọ́?" Mo ní ọmọ náà ló fẹ́ ra ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ilé yìí, kí ló ṣe yín? Ṣé kò sí ẹni tó lè ra nǹkan tuntun nínú yín ni?"

Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀ gidi. Ó ní òun kò rí òkun rí, ṣùgbọ́n igi ni igi. Ó ní òpó tí èèyàn bá rì mọ́lẹ̀, kì í jẹrà lókè, kì í jẹrà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ibi tó ti pàdé ilẹ̀ ló ti ń jẹrà, níbi tó ń tutù lónìí tó ń gbẹ lọ́la. Ó ní kí a wo ibi tí ara ọkọ̀ ti pàdé omi, kí a wo ibi tí òpó ti wọ inú ọkọ̀, kí a wo gbogbo igun tí omi òjò lè dúró sí tí kò rọ́nà jáde. Mo bi í bóyá mo lè kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Ó ní, "Ìwé tún ni? Ṣé ìwé ni yóò bá a gbọ́ ohùn igi?"

Ó wọlé lọ, ó mú hámà jáde, ó ní òun máa bá mi dé Èkó. Mùtíù, hámà ọjọ́ náà gan-an ni. Ó ti pààrọ̀ igi ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo dá orí rẹ̀ mọ̀.

Nítorí náà, n kò tíì sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà fún àgbà ilé kankan. Lẹ́tà rẹ wà lábẹ́ ẹní mi. Èmi àti ẹ̀gbọ́n Àkànó ń bọ̀ ní ọjọ́ Àlàrùba tó ń bọ̀, ọjọ́ lásán, láìsí alfa, láìsí mọ́sà. Pàdé wa ní gáréèjì; ojú rẹ̀ kò dára, n kò sì fẹ́ kó sọdá títì Èkó pẹ̀lú èmi arúgbó nìkan. Sọ fún òyìnbó náà pé bàbá rẹ fẹ́ rí ọkọ̀, kí ó dúró dè wá. Bó bá ní òun ò lè dúró títí di Àlàrùba, jẹ́ kó máa lọ.

Bí ọkọ̀ náà bá dá hámà lóhùn dáadáa, èmi fúnra mi ni màá padà wá kó àwọn alfa, bí ó bá sì gba kí n ru mọ́sà lórí láti Fìdítì dé Èkó, màá rù ú. Bí kò bá dá a lóhùn, a ó jẹun nílé rẹ, a ó gbé ọmọ jó, a ó padà sílé. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́. Kò ní sí àmín kankan nílẹ̀ tí o fẹ́ kó padà. Ọ̀nà àbọ̀ yẹn ni n kò ní. Òun ni mo fẹ́ fún ọ.

Lọ́la, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, màá sọ ti odò náà fún àwọn ará ilé. Ìyá rẹ ní òun máa dúró tì mí. Ó ti ká ọsàn jọ tí a ó kó wá fún Sìdí, láti ara igi ẹ̀yìn ilé yẹn. O mọ̀ pé ọsàn rẹ̀ dùn. Ó ní kí Sìdí má ṣe gbé ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ náà, bó ti wù kó rí, títí a ó fi dé.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ fún wa, kó ṣọ́ ìyàwó rẹ àti ọmọ. Ìwọ náà, ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́, Àyìndé. Ó lè máa wù ọ́ kí ó dára lójú wa nígbà tí a bá dé. Jọ̀wọ́, fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Má kun nǹkankan sí i lára.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.